Igbó, Odò àti Owó Ẹ̀bùn

Ní Àjọ̀dún Iṣẹ́ Ọnà ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1953, ewì kan nípa odò gba ẹ̀bùn. Gabriel Okara, ọmọ Ijaw, ló kọ ọ́. Odò Nun, tó ń ṣàn lọ sínú òkun ní ilẹ̀ wọn, ló ń bá sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹni tó kan epo rọ̀bì tó ṣeé tà ní Nàìjíríà. Ọdún 1956 ni wọ́n tó kàn án ní Oloibiri, nínú ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Bayelsa lónìí, ìpínlẹ̀ tí odò yẹn náà ń gbà kọjá. Nígbà tó fi di ọdún 2005, Okara ti di ẹni ọdún 84. Ó tún gba ẹ̀bùn ewì mìíràn lọ́dún náà, òun àti Ezenwa Ohaeto ni wọ́n jọ pín in. Ẹni tó gbé owó kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni NLNG, ilé-iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó gáàsì láti erékùṣù Bonny lọ tà lókè òkun.

Mo mú ìtàn yìí ṣáájú nítorí pé gbogbo ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn fún ìwé igbó, odò àti ẹranko ló wà nínú rẹ̀: ta ló ń fúnni, ìgbà wo ló ń fúnni, kí sì ni ẹ̀bùn náà ń ṣe fún odò tí a torí rẹ̀ kọ̀wé? Irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lóde òní. Amẹ́ríkà ní tiwọn, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn, Faransé àti Jámánì náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó bá ka orúkọ àwọn tó ti gbà wọ́n tán lè rò pé iṣẹ́ ń lọ ní pẹrẹu. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀ tán. Bí mo ṣe yẹ̀ ẹ́ wò sí, ẹ̀bùn tó bá òǹkọ̀wé lẹ́nu iṣẹ́, tí ìwé ṣì wà lórí tábìlì tí owó oúnjẹ sì ń wọ́n, ló máa ń bí ohun tí a lè nàka sí. Àwọn yòókù sún mọ́ oyè. Oyè ò burú, ṣùgbọ́n ẹni tó ti là ni wọ́n sábà máa ń fi jẹ.

Èyí tó pẹ́ jù nínú àwọn tó ṣì lókìkí ni àmì-ẹ̀yẹ John Burroughs ní Amẹ́ríkà. Òǹkọ̀wé ni Burroughs, ẹyẹ, igi àti oko tó yí i ká ló fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ títí ó fi kú ní 1921. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, William Beebe ló sì kọ́kọ́ gba àmì-ẹ̀yẹ wọn ní 1926. Kò dìgbà tí ẹ̀bùn bá dá dúró fún ẹranko kí ìwé ẹranko tó gba ẹ̀bùn, nítorí pé ní 1928, ẹ̀bùn Hawthornden ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sọ́dọ̀ Henry Williamson fún Tarka the Otter, ìtàn ẹranko kan tó ń gbé inú odò, tó ń pẹja jẹ. Ní Faransé, Romain Gary gba ẹ̀bùn Goncourt ní 1956 fún Les Racines du ciel, ìtàn ọkùnrin kan tó ń jà kí wọ́n má pa erin tán ní ilẹ̀ Chad nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Faransé. Ìwé ńlá ni, mi ò ní í sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ará Yúróòpù ló wà láàárín gbùngbùn ìtàn erin ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ìwé tó gba ẹ̀bùn lẹ́yìn rẹ̀ ni kò sì tíì kúrò lójú ọ̀nà yẹn.

Rachel Carson ni mo fẹ́ dúró tì díẹ̀. Òun ni àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀bùn máa ń fi ṣe ẹ̀rí, wọ́n sì sábà máa ń mú ẹ̀bùn tí kì í ṣe òun gan-an ló ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n á ní ní 1952 ó gba National Book Award, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Burroughs, nítorí ìwé rẹ̀ nípa òkun, The Sea Around Us. Wọ́n á ní ibẹ̀ ló ti gba okun láti kọ Silent Spring ní 1962, ìwé tó tú àṣírí ohun tí DDT àti àwọn oògùn apakòkòrò mìíràn ń fi ojú ẹyẹ, ẹja àti ènìyàn rí. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, Amẹ́ríkà fòfin de DDT lóko. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀nà ṣe là.

Iṣẹ́ ìjọba ni Carson ń ṣe, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ẹja àti ẹran ìgbẹ́, níbi tó ti ń tún ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ jáde níbẹ̀ ṣe. Òun ló ń gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀. Lóru àti lópin ọ̀sẹ̀ ló máa ń rí àyè kọ tirẹ̀. Ní 1949, ó rí owó ìrànwọ́ Saxton gbà, owó tí wọ́n ń fún òǹkọ̀wé tí ìwé rẹ̀ ò tíì parí, ó sì fi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ kó lè jókòó ti ìwé. Ọdún tó tẹ̀ lé e, orí kan ṣoṣo nínú ìwé náà, èyí tó ṣàlàyé bí erékùṣù ṣe ń ti inú òkun yọ, jáde nínú Yale Review. Orí kan yìí gba ẹ̀bùn Westinghouse fún ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, 1,000 dọ́là. Odidi ìwé náà kò tíì dé ọwọ́ òǹkàwé kankan. Nígbà tó wá jáde ní 1951, ó wà lára àwọn ìwé tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 86, Carson fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì dá owó ìrànwọ́ Guggenheim tí wọ́n ti fún un padà nítorí pé kò nílò rẹ̀ mọ́. Ẹ kíyè sí i: owó kékeré tó tètè dé ló jẹ́ kí ìwé wà. Àmì-ẹ̀yẹ ńlá bá ìwé lọ́jà, ó ti ń tà.

Níbi tí wọ́n ti fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Burroughs, kò kàn dúpẹ́ kó jókòó. Ó sọ fún àwọn tó pè é pé àwa tó ń kọ̀wé nípa ẹ̀dá ń bá ara wa sọ̀rọ̀ jù, pé ará ìta tí kò mọ orúkọ ẹyẹ kan ni ó yẹ ká wá lọ. Ìyẹn ti lé ní ààdọ́rin ọdún báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ràn, kó lọ wo irú àwọn tó ń jókòó níbi àpèjẹ ẹ̀bùn ìwé.

Ti òǹkọ̀wé Aldo Leopold tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹrin 1948, ilé ìtẹ̀wé Oxford ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lésì pé àwọn yóò tẹ ìwé rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iná sọ ní oko aládùúgbò rẹ̀ ní Wisconsin, ó bá wọn lọ pa á, ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀. A Sand County Almanac jáde lọ́dún kejì, 1949. Ọdún 1977 ni orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé àwọn tó gba àmì-ẹ̀yẹ Burroughs. Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Nan Shepherd, olùkọ́ kan ní Aberdeen, kò rí ti ayé gbà, kò rí ti ọ̀run. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ ló kọ The Living Mountain, ìwé pẹlẹbẹ nípa àwọn òkè Cairngorm tó ti ń gùn láti ìgbà èwe. Kò kọ ọ́ bí ẹni tó ń sáré dé orí òkè. Ó ń wo omi, ó ń wo yìnyín, ó ń sùn sórí àpáta, ó ń jí. Ó fi han ẹni tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, onítọ̀hún kọ̀, ni ó bá kó o sínú àpótí tábìlì. Ó wà níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. 1977 ló jáde, ọdún mẹ́rin kó tó kú. Lónìí, àwòrán rẹ̀ wà lára owó 5 pọ́n-ùn ti Royal Bank of Scotland.

Ohun tó múnú mi dùn sí i ni ẹ̀bùn tí ilé ìtẹ̀wé Canongate dá sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ ní 2019. Àwọn tí wọn kì í sábà rí nínú irú ìwé yìí ni wọ́n ń wá: àwọn tí òbí wọn wá láti ìlú mìíràn, àwọn aláàbọ̀ ara, àwọn tí kò jogún ilẹ̀. Ìwé tí kò tíì parí ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá yege, wọ́n á tẹ ìwé rẹ̀, wọ́n á sì fún un ní 10,000 pọ́n-ùn ṣáájú kó fi kọ ọ́ parí. Nina Mingya Powles ló kọ́kọ́ gbà á. Marchelle Farrell, dókítà tí wọ́n bí ní Trinidad, gbà á ní 2021, ìwé rẹ̀ Uprooting sì jáde ní 2023: obìnrin adúláwọ̀ kan tó ń tọ́jú ọgbà ilé rẹ̀ ní abúlé Gẹ̀ẹ́sì, tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí àwọn òdòdó inú rẹ̀ ti wá, àti ẹni tó kó wọn wá. Irú ẹ̀bùn tí Nan Shepherd fúnra rẹ̀ ì bá nílò nìyẹn.

Èyí tó lórúkọ jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀bùn Wainwright, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní 2014. Akọ̀wé owó ni Alfred Wainwright ní ìlú Kendal. Lẹ́yìn iṣẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀ ló fi ń gun òkè agbègbè Lake District. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé atọ́nà méje láàárín 1955 sí 1966, ó ya gbogbo àwòrán inú wọn pẹ̀lú kálàmù, kò jẹ́ kí wọ́n to lẹ́tà kankan sínú wọn ní ilé ìtẹ̀wé. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kọ ọ́ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Owó tó rí níbẹ̀, ibùdó ìtọ́jú ẹranko ló kó púpọ̀ rẹ̀ lọ. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ ọlọ́tí kan, Thwaites, ní bíà kan tó ń jẹ́ Wainwright. Àwọn ló kọ́kọ́ ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀bùn náà. Torí náà, ẹ̀bùn ìwé òkè àti ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ bí ìpolówó bíà, mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Bíà kì í ba odò jẹ́ bí epo rọ̀bì. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ oníbébà kan, James Cropper, gba ẹrù náà.

Àwọn tó ti gbà á pọ̀, mi ò ní í kà wọ́n tán. John Lewis-Stempel, àgbẹ̀, gbà á lẹ́ẹ̀mejì, ní 2015 àti 2017. Robert Macfarlane gbà á ní 2019. Ní 2020, wọ́n fún Dara McAnulty láti Northern Ireland, ọmọ ọdún 16 péré. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tó kọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14 ni, nípa ẹyẹ, kòkòrò, àti bí ó ṣe rí láti jẹ́ ọmọ tó ní autism láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ fún ìwé tó ń sọ bí a ó ṣe dáàbò bo ẹ̀dá, ó sì ṣe pàtàkì, torí pé wíwo ẹyẹ yàtọ̀ sí sísọ ìdí tí ẹyẹ fi ń tán. Ẹ̀ka yìí ló fún Merlin Sheldrake ní tirẹ̀ ní 2021 nítorí ìwé nípa olú, tó sì fún Dan Saladino ní 2022 nítorí ìwé nípa àwọn irúgbìn àti oúnjẹ tó ń parẹ́ káàkiri ayé.

Ní 2025, Chloe Dalton ló gbégbá orókè pẹ̀lú Raising Hare. Olùdámọ̀ràn àwọn olóṣèlú ni tẹ́lẹ̀, ẹni tí fóònù rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tí àjàkálẹ̀ kòrónà sé gbogbo èèyàn mọ́lé, ó rí ọmọ ehoro kan lójú ọ̀nà ní abúlé, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó gbé e wálé, ó ń fún un ní wàrà, kò sọ ọ́ lórúkọ, kò tì í mọ́ inú àgò. Ehoro náà dàgbà, ó ń jáde lọ sínú pápá, ó ń padà wọlé, ó tiẹ̀ wá bímọ sí ilé náà. Ìwé tó dùn ún kà ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á, ohun kan ń sọ sí mi lọ́kàn: nínú àwọn ìwé tó ń gba ẹ̀bùn wọ̀nyí, ẹ̀dá sábà máa ń wá tún ayé ènìyàn ṣe. Ẹni tí ọtí ti bà jẹ́, òkun wò ó sàn. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú, àṣá tù ú nínú. Kí ló dé tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìwé tí ènìyàn ti tún ayé ehoro ṣe, tàbí tí kò rí i tún ṣe, tí òǹkọ̀wé sì dárúkọ ẹni tó dí i lọ́wọ́? Àwọn adájọ́ fẹ́ràn ìwòsàn. Ẹjọ́ ni wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ló mú mi dé ọ̀rọ̀ owó. Ní oṣù kọkànlá 2024, Richard Flanagan, ọmọ Tasmania, gba ẹ̀bùn Baillie Gifford nítorí Question 7. 50,000 pọ́n-ùn ni. Kò sí níbẹ̀, ó fi fídíò ránṣẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn adájọ́, ó wá ní òun ò ní í gba owó náà títí ilé-iṣẹ́ tó ń náwó sí ẹ̀bùn yìí yóò fi sọ bí yóò ṣe dín owó tó fi sínú òwò epo àti gáàsì kù. Nínú ọdún yẹn kan náà, àwọn òǹkọ̀wé kan ti ń fẹ̀hónú hàn sí ilé-iṣẹ́ náà nítorí ọ̀rọ̀ yìí, àjọ̀dún ìwé Hay sì ti kọ ìgbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ní Flanagan ti là, pé ó rọrùn fún ẹni tó ti gba ẹ̀bùn Booker rí láti kọ owó. Bẹ́ẹ̀ ni. Ta wá ni ká retí pé kó kọ ọ́, ẹni tí onílé ń lé?

Àwa ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti 2004 ni NLNG ti ń fúnni ní ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ tó tóbi jù lórílẹ̀-èdè yìí. Láti 2011, 100,000 dọ́là ni. Ìtàn àròsọ, ewì, eré oníṣe àti ìwé ọmọdé ló ń yí po. Ìjọba ní ìpín 49 nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ náà, Shell ní 25.6, TotalEnergies àti Eni pín ìyókù. Bí ẹnu bá jẹ, ojú a máa tì: ohun tí ẹnikẹ́ni máa kọ́kọ́ rò nìyẹn. Ẹni tó bá wo àwọn tó gba ẹ̀bùn náà yóò rí i pé ojú kò tì wọ́n tó bí a ṣe rò. Ní 2008, wọ́n fún Kaine Agary ní 50,000 dọ́là nítorí Yellow-Yellow, ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹnu ọ̀rọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: páìpù bẹ́, epo ya bo oko, oko ìyá Zilayefa sì wà lára èyí tó run. Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀ tí kò lè bọ́ wọn mọ́, ó gba Port Harcourt lọ. Ahmed Yerima ti gbà á ṣáájú, ní 2006, fún Hard Ground, eré nípa àwọn ọmọ ajìjàgbara ìpínlẹ̀ epo. Ní 2013, Tade Ipadeola, agbẹjọ́rò tó fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé, gbà á fún The Sahara Testaments, ewì gígùn nípa aṣálẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà a sì máa sọ pé gáàsì tí ìbá jó dànù lójú ọ̀run lòun ń kó tà. Mo gbọ́. Ohun tí mo rí nínú àkójọ yẹn ni pé owó gáàsì kò dí àwọn adájọ́ lọ́wọ́ láti yan ìwé tó sọ òtítọ́ nípa epo. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn wọ́n jẹ́ méjì mìíràn. Àkọ́kọ́, ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó wà ní Ogbia tàbí ní Ìlàjẹ tó ń kọ nípa omi tó di dúdú kò ní ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn àfi bó bá ti rí ẹni tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀mẹta, ní 2004, 2009 àti 2015, wọ́n ní kò sí ìwé tó yẹ. Ọdún mẹ́ta yẹn, òǹkọ̀wé kankan kò rí kọ́bọ̀. Èkejì, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni. Mo máa padà sórí ìyẹn.

A kò lè dárúkọ Shell ká má dárúkọ Ken Saro-Wiwa. Òǹkọ̀wé ni kó tó di ajìjàgbara, òun ló kọ Sozaboy, òun ló sì ti ṣe ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Nàìjíríà. Iṣẹ́ epo Shell ní ilẹ̀ Ogoni ló ń bá jà. Ní 1994, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Right Livelihood; ní 1995, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Goldman fún àyíká. Àtìmọ́lé ológun ni ẹ̀bùn méjèèjì ti bá a. Láti ibẹ̀ ló ti ń kọ lẹ́tà sí Sister Majella McCarron, obìnrin ẹlẹ́sìn kan láti Ireland. Inú apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì ni wọ́n ń fi lẹ́tà náà pamọ́ sí kó tó jáde. Méjìdínlọ́gbọ̀n nínú wọn wà ní yunifásítì Maynooth lónìí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1995, wọ́n so ó kọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ Ogoni mẹ́jọ mìíràn. Àwọn tó fún un lẹ́bùn fẹ́ kí ayé tẹjú mọ́ ọn, ayé sì tẹjú mọ́ ọn. Àwọn tó mú un kò bẹ̀rù ojú ayé.

Níhà ọ̀dọ̀ tiwa, Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ló yẹ ká fi ṣáájú. The Eye of the Earth, tó jáde ní 1986, gba ẹ̀bùn ewì Commonwealth àti ti Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Nàìjíríà lọ́dún náà. Àpáta Ọlọ́ṣunta, igbó tí bàbá rẹ̀ mọ̀, oko kòkó àti òjò àkọ́rọ̀ ni ó kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ìbínú sí àwọn tó gé igi tán. Kò sí ẹni tó pè é ní ìwé àyíká nígbà tó gba ẹ̀bùn. Ewì ni wọ́n kà á sí. Mo fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Helon Habila kọ Oil on Water, nípa àwọn oníròyìn méjì tó wọ odò Delta lọ wá obìnrin tí wọ́n jí gbé, ìwé náà sì wà lára àwọn tó du ẹ̀bùn Commonwealth ní 2011.

Àbí Daré ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé òní. Ní oṣù karùn-ún 2025, And So I Roar gba Climate Fiction Prize, ẹ̀bùn tuntun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìtàn àròsọ tó bá mú ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà lọ́kùn-únkúndùn. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á, 10,000 pọ́n-ùn. Àdùnní, ọmọbìnrin tí a ti mọ̀ láti inú The Girl with the Louding Voice, ló padà sí abúlé rẹ̀ Ìkàtì. Òjò kọ̀, àwọn àgbà sì ń wá ọmọbìnrin tí wọn yóò di ẹ̀bi rẹ̀ lé lórí. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀dá ṣe ń rí ní ìlú tiwa mọ̀ pé ẹnìkan ni wọ́n máa fi ṣe ẹbọ lẹ́nu, bí wọn ò tilẹ̀ fi ṣe é lọ́wọ́. Ohun tí àwọn tó ń kí i kú oríire gbàgbé ni pé ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, ẹ̀bùn ló bí i. Ní 2018, kí ilé ìtẹ̀wé kankan tó fọwọ́ kàn án, ó fi ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ du Bath Novel Award, ó sì gbégbá orókè. Láti ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ìwé Yorùbá náà mọ ọ̀nà yìí ṣáájú gbogbo wọn. Ní 1936, ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ni D. O. Fágúnwà, olùkọ́ ọmọ Òkè-Igbó, kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún. Ó jáde ní 1938. Ká ní wọ́n ti sọ pé ìwé tí a ti tẹ̀ nìkan làwọn ń gbà, ta ni ì bá tẹ̀ ẹ́? Èmi ò ní í pe Fágúnwà ní olùdáàbòbò igbó o. Igbó tirẹ̀, ẹ̀rù ló kún ibẹ̀, ìbọn ni ọdẹ mú wọ̀ ọ́. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ mọ bí Yorùbá ṣe ń wo ẹranko fínnífínní kò gbọdọ̀ dúró sọ́dọ̀ Fágúnwà, kó kọjá lọ sínú ìjálá. Oríkì erin, ẹfọ̀n, àgbọ̀nrín àti ọ̀bọ tí àwọn ọdẹ ń sun sọ bí ẹranko náà ṣe ń rìn, ohun tó ń jẹ, bó ṣe ń gbé ọmọ rẹ̀, àwàdà tó wà lójú rẹ̀. Ìmọ̀ nìyẹn, ó sì dùn létí. Bí Ògúndáre Fọ́yánmu ṣe mọ̀ ọ́n sun tó, kò sí ẹyọ kan nínú gbogbo ẹ̀bùn tí mo ti dárúkọ tí ìjálá lè du, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kọ́, ìwé títẹ̀ sì kọ́. Ohun tó ń já mi láyà ni pé ẹranko ń tán nínú igbó, àwọn tó lè sun oríkì rẹ̀ sì ń tán nílé, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀bùn fún ìwé Yorùbá ti ń bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹgbẹ́ Àtẹ́lẹwọ́ ń ṣe é ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ni, ó sì yẹ kí àwọn olówó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ẹ̀bùn Kiswahili tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2014 pẹ̀lú Yunifásítì Cornell ń gba ìwé àfọwọ́kọ tí kò tíì jáde, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe páànù ìkólé ló kọ́kọ́ náwó sí i. Bí páànù bá lè sanwó Kiswahili, sìmẹ́ńtì tàbí báńkì kan ní ilẹ̀ wa lè sanwó Yorùbá.

Bí wọ́n bá bi mí, irú èyí tí mo fẹ́ kò le. Ká pín 100,000 dọ́là sí mẹ́wàá, kí òǹkọ̀wé mẹ́wàá rí 10,000 gbà fún ọdún kan tí wọ́n á fi jókòó ti igbó kan tàbí odò kan: Ọmọ, Ìdànrè, Ọ̀ṣun, ọ̀sà Èkó, Ògùn títí dé Kétu. Ìdajì owó ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdajì nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹni tó bá fẹ́ sun ún dípò kó kọ ọ́, kí ẹ̀rọ gba ohùn rẹ̀, kí wọ́n kà á sí ìwé. Kí àwọn adájọ́ má jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Kí apẹja kan wà níbẹ̀, kí ẹlẹ́wé ọmọ kan wà níbẹ̀, kí ọdẹ kan sì wà níbẹ̀ tó ti fi ìbọn rẹ̀ kọ́ ògiri. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé ẹtu gun orí igi lọ sùn, ọdẹ yẹn á ti yọ ìwé rẹ̀ kúrò kí ọ̀jọ̀gbọ́n tó rí gíláàsì ojú rẹ̀.